Bí Bàbá Mi Ṣe Kọ́ Láti Bá Mi Tẹ̀

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, bọ́ọ̀sì kì í sábà yà sí àdúgbò wa ní Sabon Tasha mọ́. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Èmi ọmọbìnrin wọn, tí mo ń ṣe tíṣà, ni mo ní alùpùpù, èmi ni mo sì ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọn a na ẹ̀yìn ṣánṣán bí ẹni tó jókòó sórí àga nílé. Bí mo bá tẹ̀ sọ́tùn-ún láti yà, wọn a fà sósì, torí wọ́n rò pé ṣíṣubú la fẹ́ ṣubú. Alùpùpù kì í sì í sin ọ̀gá méjì.

Lọ́jọ́ kan, ní kọ́nà tó yọ sí ọ̀nà Kachia, mo tẹ̀, wọ́n fà. Alùpùpù kọ̀, kò yà. Ó gbé wa tààrà wọnú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, a sì rọra wó lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà nítòsí sáré wá kí wọn pẹ̀lẹ́ lédè Haúsá. "Sannu, Baba! Sannu!"

Bàbá mi gbọn sòkòtò wọn. "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ jù."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n bàbá ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni.

"Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba orí èjìká mi ọ̀tún wo iwájú. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ gba ti òsì wò. Ẹ má ṣe nǹkan mìíràn."

"Ṣé ojú ló ń wa alùpùpù ni?"

"Ibi tójú bá lọ lara ń bá a lọ, sà."

Wọ́n tún gun alùpùpù lẹ́yìn mi.

Ní kọ́nà tó kàn, àgbọ̀n wọn fara kan èjìká mi ọ̀tún. Ara wọn bá temi lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo kàn fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọwọ́ alùpùpù síwájú díẹ̀ ni, ó sì yà fúnra rẹ̀. Láti kékeré mi, n kò tíì rí ọjọ́ tí bàbá mi gba ìmọ̀ràn lẹ́nu mi rí. Omi lé ròrò sójú mi, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà.

Kó tó pé oṣù kan, àwọn ló ń tẹ̀ ṣáájú mi. "Òsì ń bọ̀ o!" wọn a pariwo sí mi létí, tí màá sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè mí.

Ìyá mi bi wọ́n bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀rù kẹ̀?" ni bàbá mi wí. "Ṣebí àwa méjèèjì la jọ ń wà á."