Orin Ìyá Àgbà Kì Í Ṣe Orin Dò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé, tí mo bá gbé gìtá lé itan, orí mi nìkan ni ẹ ó máa rí, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá àgbà ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló kọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń tẹ bọ́tìnì kan lára kíbọ́ọ̀dù tí ohùn á fi gòkè fúnra rẹ̀, ẹ farabalẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú wa rí fún yín.

Kò sí ìwé kankan. Ó ní kí n mú okùn kan ṣoṣo, kí n máa fi ìka rìn lórí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Tí mo bá fo irin kan, á ní "fò". Tí mo bá bọ́ sórí èyí tó kàn gan-an, á ní "sún". Fò, fò, sún, fò, fò, fò, sún: mo ti ti dò dé dò nínú dò-rè-mì nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní mejọ̀. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti là, á di fò, sún, fò, fò, sún, fò, fò. Ìyẹn ni máínọ̀. Awọ orí ìka mi bó, ó tún hù. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé èwo ló dára jù nínú méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìró méje kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ibi tí kálukú ń pè nílé ló yàtọ̀."

Ilé là ni orin ìyá àgbà ń gbé. Bó bá ń yí ẹja lórí ààrò, ó ní orin kan tó máa ń dá, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja á sì gbè é: "Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ á dé o, ojú mi ń bẹ lódò." Kì í ṣe ẹkún o! Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà lójú ọ̀sà ló ń kọ ọ́, tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wá orin náà lórí gìtá títí mo fi rí i. Nígbà tí mo ta á fún un, ó ní, "Tó bá dọjọ́ mi, èyí ni kí o ta." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí n ṣáà ṣèlérí, mo sì ṣèlérí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ọ̀hún dé. Olórí akọrin bá mi níbi tí mo ti ń dánra wò fún ìsìnkú, ojú rẹ̀ sì le. "Ta ló kọ́ ẹ ní orin ọ̀fọ̀ yìí? Òkú àgbà la fẹ́ sin, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Mejọ̀ la fi ń dúpẹ́. Yí i padà, àbí kí o gbé gìtá yẹn sílẹ̀!" Àbúrò ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ta ló sọ fún un pé Ọlọ́run ò gbọ́ máínọ̀? Ṣé ẹni tó dá dò kọ́ ló dá là ni?

Ohun tó ní kí n ṣe ò le rárá. Ìró kẹta, ìkẹfà àti ìkeje, kí n ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí irin tó kàn, ó ti di mejọ̀ nìyẹn. Mo ṣe é, torí ọmọdé ò gbọdọ̀ bá àgbà jiyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà yẹn. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja jókòó lẹ́yìn, èéfín ṣì ń rùn lára aṣọ wọn, wọ́n tẹjú mọ́ mi. Orin tí wọ́n ń gbè lójoojúmọ́ ayé wọn, wọn ò dá a mọ̀. Ọ̀kan fẹ́ gbè é, kò rí ibi tó máa ti wọlé. Olórí akọrin ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ta á tán, mo lọ jókòó, mo sì mọ̀ pé n ò tíì mú ìlérí mi ṣẹ.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Itamaga ní Ìkòródù ni mò ń gbé báyìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, ìka rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ẹ̀rọ yí padà, ṣùgbọ́n orí àwọn èèyàn ńkọ́? Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí akọrin, tí mo tó bí ìyá rẹ̀, ní kí ọmọ náà yọ máínọ̀ kúrò nínú orin ìdúpẹ́, pé ó ń fa ìbànújẹ́ wọlé. Ọmọ ọmọ mi ti ń na ìka sí irin tó kàn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde láàárín ìjọ. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dá ìka ẹ padà síbi tó wà!" Wọ́n ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ má bínú." Mo ní n ò jókòó. Mo ti jókòó rí, ní Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ náà dá ìka rẹ̀ padà. Nígbà tá a délé, mo kọ́ ọ ní orin ìyá àgbà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó sin mí, ẹ gbọ́ o: láti là ni kí ọmọ ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ẹni tó bá ní kó yí i padà, kó kọ́kọ́ wá kan pósí mi, kó sọ ọ́ kí n gbọ́.