Tìróò Kánò Lójú Àníkẹ́

Kò sí ẹni tó mọ Àníkẹ́ aránṣọ ládùúgbò wa ní Modákẹ́kẹ́ tí kò mọ omi ojú rẹ̀. Bó bá ń ránṣọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Bó bá ń jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n ti ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ, ìyá ìyàwó kò ní tíì fa imú tí Àníkẹ́ á ti máa fi etí ìborùn nu ojú. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Àǹtí Ẹlẹ́kún. Èmi náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìyẹ bá kú ní Òkè-Ogbó, Àníkẹ́ á ti gbọ́ ní Modákẹ́kẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á tún nu ojú.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ ní Ifẹ̀ lèmi. Ilé ọkọ ló gbé mi dé Modákẹ́kẹ́, nígbà tí ará ìhín àti ará ọ̀hún ṣì ń fẹ́ra wọn láìwẹ̀yìn. Ọṣẹ àti kẹrosíìnì ni mò ń tà, ògiri kan ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Àníkẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń jí mi lójú oorun ọ̀sán. Èmi kì í ṣe onísùúrù. Ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ, ẹni tí kò bá wù lè di etí. Ṣùgbọ́n Àníkẹ́ kò ṣeé bá jà. Ẹ ò lè bá ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀ láti àárọ̀ jà kí aráyé má bá yín wí.

Ọlátẹ́jú lorúkọ ọkọ rẹ̀, oníṣòwò obì. Á kó obì jọ láti àwọn oko Ifẹ̀, á bá ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí Kánò. Bó bá ń bọ̀, kì í ṣe aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ń mú bọ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Tìróò ni, nínú àpò awọ kékeré kan báyìí. Tìróò náà dúdú, ó ń dán, ó sì ń ta sí ni nímú bíi róòbù. Ọlátẹ́jú kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún obìnrin. Á kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń lé e. Àníkẹ́ á ti igi tìróò bọ inú àpò, á gbọ̀n ọ́n, á fi sáàárín ìpéǹpéjú, á pa ojú dé, á fà á jáde wẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ tóbi, funfun ẹyinjú rẹ̀ mọ́ nígbà náà, ó yẹ ẹ́ gan-an ni. Ọlátẹ́jú á ní, "Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í." Gbólóhùn kan ṣoṣo tó há sórí nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi.

Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Ó ń pọ́n, ó ń yún un, ó ń ta á bíi pé wọ́n da ata sí i. Bó bá jí láàárọ̀, ipin á ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, omi gbígbóná ló fi ń là á. A kọ́kọ́ pè é ní àpólò, ṣùgbọ́n àpólò kì í gbé lára ènìyàn ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Nígbà tó yá, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ta ni yóò gbé aṣọ fún aránṣọ tí kò rí ihò abẹ́rẹ́? Ọlátẹ́jú ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Bó bá kírun àárọ̀ tán, á gbé àga jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, á máa gún wọn mọ́ tìmùtìmù àga ìyàwó rẹ̀. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ti ọjọ́ tó máa lò lọ́hùn-ún ló máa ṣe sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àníkẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi ni mo sìn ín lọ. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ìyá, kí lẹ máa ń fi sójú?" Àníkẹ́ ní, "N ò fi nǹkan kan sójú o." Ó ti fọ tìróò ojú rẹ̀ nù kó tó kúrò nílé, nítorí kò bójú mu kí ènìyàn gbé ojú dúdú lọ síwájú dókítà. Wọ́n fún un lóògùn olómi tí yóò máa kán sí i. Bí a ṣe délé, ó kán an, ó sì lé tìróò lé e lórí kí oògùn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Irọ́ kọ́ ló pa fún nọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ wa, àtíkè ni nǹkan ìkunjú, tìróò kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Oògùn ojú ni. Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, ìyá àgbà á ti lé e sí i lójú kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Bí ojú Àníkẹ́ bá ti ń dùn ún sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa tí a yí i ká ń sọ pé kó fi tìróò sí i. Ó sì ń fi sí i.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1994, ọkọ̀ obì náà dojú dé níwájú Jẹ́bbà. Mùsùlùmí ni Ọlátẹ́jú. Wọ́n sin ín níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ló padà wálé. Àbúrò onímọ́tò ló wá sọ ọ́, ìdúró ló wà, kò lè jókòó. Àníkẹ́ ń rán ọrùn bùbá kan lọ́wọ́. Ó tẹ́tí títí ẹni náà fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó ti jẹun. Àwa tó kù la figbe ta. Òun ká aṣọ náà, ó yọ abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni, ó bọ́ sínú ilé.

Ó wọ ilé opó. Ìlànà ẹ̀sìn wọn ni pé opó kì í jáde, kì í lo lọ́fínńdà, kì í wọ ẹ̀ṣọ́, kì í sì í lé tìróò. Kí oṣù kan tó pé, ojú Àníkẹ́ gbẹ. Mo wí pé ó gbẹ. Omi kò dà níbẹ̀ mọ́, pípọ́n lọ, funfun ẹyinjú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Àwọn obìnrin tó ń wá kí i á jókòó tì í, wọ́n á sunkún, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á tún wo ara wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi jáde. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ wà láyé, ẹkún lójoojúmọ́. Ọkọ kú, ojú gbẹ. Ẹnu aráyé kò ní ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlàájà, ẹ̀gbọ́n Ọlátẹ́jú lóbìnrin, ẹni tí gbogbo agbolé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ yìí ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ó wá, ó jókòó, ó wo Àníkẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo wa.

"Àníkẹ́, o ò bímọ fún àbúrò mi, n ò fìyẹn bá ẹ wí, Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè sunkún àbúrò mi, kò ní jogún ilé àbúrò mi. Tó o bá jáde lópòó, wà á lọ sílé bàbá ẹ."

Àníkẹ́ kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, Àlàájà."

Yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù ni ilé náà, òun ni gbogbo ohun tó ní láyé. Inú bí mi. Ó wù mí kí n bi Àlàájà bóyá ojú ni ènìyàn fi ń fẹ́ ọkọ, ṣùgbọ́n ilé onílé ni mo wà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un. Mo bá a létí fèrèsé, ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì. Ó fi òwú bọ̀ ọ́. Ó fà á yọ, ó tún fi bọ̀ ọ́. Kò ṣẹ́jú, kò fi ahọ́n tọ́ òwú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó rí mi, kò dáwọ́ dúró.

"Ìyá Awódélé, ẹ wò ó. Mo ń ríran."

"Mo rí i. Oògùn wo lo lò?"

"N ò lo nǹkan kan. N ò lé tìróò, ni gbogbo ẹ̀." Ó gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ aṣọ. "Tìróò tí ọkọ mi ń mú bọ̀ ni. Ara mi ló kọ̀ ọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ló ń ṣe mí."

Mo jókòó. Mo ronú kan Ọlátẹ́jú lórí àga rẹ̀ láàárọ̀, òwú dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, ó ń tún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń bà jẹ́ ṣe, kò mọ̀. Ó dùn mí wọra. Mo dìde, mo ní mò ń lọ bá Àlàájà nísinsìnyí, kó lè mọ̀ pé ẹkún àtijọ́ yẹn kì í ṣe ẹkún, kó yéé fi ojú gbígbẹ dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́.

Àníkẹ́ di aṣọ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ọkọ mi ló ń fọ́ mi lójú. Kò sí níbí tó máa fi wí tẹnu ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi."

"Wọ́n á lé ẹ jáde."

"Kí wọ́n lé mi."

Mo bi í bóyá kò tiẹ̀ dùn ún ni, ikú ọkùnrin yìí. Kò bínú sí ìbéèrè náà. Ó rò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní iye ọ̀pá tí aṣọ máa gbà.

"N ò mọ ibi tó wà lára mi," ó wí. "Tí mo bá jí, mo máa ń wá a. Kò sí níbẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ó dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n wá túfọ̀ fún."

Mo gbé àwo ẹ̀kọ mi lọ sílé. Mi ò yà sọ́dọ̀ Àlàájà mọ́.

Ọjọ́ tó jáde lópòó, agbolé kún. Ní ìdílé Ọlátẹ́jú, obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ilé ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé tìróò fún opó, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ọ̀fọ̀ ti tán. Àníkẹ́ ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àlàájà mú àpò awọ kan jáde. Nínú àpótí Ọlátẹ́jú ló ti rí i, èyí tó mú bọ̀ láti Kánò kẹ́yìn. Ó ní kò sí tìróò mìíràn tó yẹ kí wọ́n lò.

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Àníkẹ́ wò mí láàárín èrò, ó mi orí díẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ó gbé ojú sókè fún Àlàájà. Àlàájà lé ọ̀tún, ó lé òsì. Tìróò náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ rárá. Ojú Àníkẹ́ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń kán sára aṣọ tuntun. Àlàájà ju igi tìróò sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra, òun náà bú sẹ́kún, ó ń wí pé, "Sunkún ẹ, ọmọ mi. Ó ti wá nígbẹ̀yìn. Ilé yìí, ilé ẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa lé ẹ." Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, inú sì ń bí mi. Àníkẹ́ dúró láàárín wa gbọnrangandan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bu omi tútù, mo sì mú aṣọ funfun wá. Ó jókòó sórí ẹrù tó ti dì. Mo ní kó gbójú sókè kí n bá a fọ̀ ọ́ nù kó tó wọ̀ ọ́ lára, nítorí kò sí ìdí tí yóò fi máa jẹ ìyà mọ́, ilé ti di tirẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀," ó wí.

"Kò ta ọ́ ni?"

"Ó ń ta mí. Ó ń ta mí gan-an ni." Ó pa ojú rẹ̀ dé, omi náà ń dà láti abẹ́ rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá sọ fún mi, Ìyá Awódélé, ohun àkọ́kọ́ tó máa dùn mí nìyí."

Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo sì jókòó tì í.