Màjàlà Inú Táyà

Títí di òní, bí ẹnìkan bá sọ lójú mi pé rọ́bà kì í gbé iná, inú a bí mi débi pé n ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ nígbà kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì gbà mí gbọ́.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi Èkó sílẹ̀, wọ́n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun sí Ìkẹ́rẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Emùré, mo sì ń wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Kò sí ohun tí a kì í fi tíúbù táyà dì lọ́dọ̀ wa. Èèkù ọkọ́ tó ń mì, páìpù tó ń jò, ẹrù ẹ̀yìn ọ̀kadà: a ó gé ògbólógbòó tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fà á, a ó dì í pinpin. Nígbà tí waya kílípà ẹ̀gbọ́n mi bó, ọ̀dọ̀ fọkanáísà iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti gba tíúbù. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan iná láìbi mí.

"Tíṣà, ṣé rọ́bà yí ṣeé dì mọ́ uná?"

Mò ń máàkì ìwé lọ́wọ́. N ò tilẹ̀ gbé orí sókè. Mo ní rọ́bà kì í gbé iná, ó wà nínú ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n di ojú ibi tí wọ́n fi tíúbù dì náà mú, láìwọ bàtà. Iná gbé wọn. Fọkanáísà ló fi igi gbá waya náà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀mí ò lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún jó, ìka mẹ́ta kákò, wọn ò nà mọ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gẹrun ni.

Àwọn ará ìjọ wá kí wa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ń wá ọ̀tá kiri. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rò ó pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Àwọn yòókù ní omi ilẹ̀ ló fà á. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ omi. Mo mú tíúbù náà lọ sí iléèwé, mo sá a títí ó fi gbẹ táútáú, mo fi míta tí a fi ń wọn iná kàn án. Abẹ́rẹ́ míta náà gbéra.

Mo lọ bi fọkanáísà, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe táyà. Ó ní rọ́bà tó ti ara igi wá, funfun ni, kì í pẹ́ já. Màjàlà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le, òun náà ló sọ ọ́ di dúdú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Màjàlà! Èédú náà kọ́ ni? Èmi tí mo máa ń fọ́ bátìrì níwájú kíláàsì, tí n ó yọ ọ̀pá èédú àárín rẹ̀, tí n ó ní ó ń gbé iná! Bí màjàlà bá kéré nínú rọ́bà, àwọn ẹyọ rẹ̀ á jìnnà síra wọn. Bó bá pọ̀, wọ́n á fara kanra, wọ́n á máa gbé iná lé ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń gba garawa omi. Ìwé ò purọ́. Rọ́bà funfun ló ń sọ, dúdú ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò sì wò ó.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó lè sọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì gbé waya fáànù kan wá, wọ́n bi mí bóyá tépù tí wọ́n rà ṣeé dì mọ́ ọn. Mo ní, "Bọ̀dá mi, kì í ṣe omi. Rọ́bà yẹn ni. Èmi ni mo ní kí ẹ dì í."

"Mo mọ̀. Fọkanáísà ti sọ fún mi tipẹ́."

Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n tún ń bi mí.

Wọ́n wò mí, wọ́n na waya náà sí mi. "Ta ni kí n tún bi?"