Fáànù Tó Ń Bá Mi Ṣiṣẹ́

Títí di òní, bí mo bá rí iná kékeré aláwọ̀ ewé lára ẹ̀rọ, ó máa ń rí mi lára.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ ni mo wà ní Ìdímù nígbà náà. Àwa obìnrin la ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi ò tíì rákòrò, ìyá mi ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ nílé ní Baruwa. Ọmọ náà kì í mu wàrà inú agolo. Gbogbo èyí tí a rà fún un ló bì. Omi ọmú tí mo bá fún sínú ìgò níbi iṣẹ́ lónìí ni yóò mu lọ́la.

Kò sí wàhálà tẹ́lẹ̀. Bí ọmú bá ti wú, obìnrin tó jókòó tì mí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti tọ́mọ rí, á ní, "Ìyá ìkókó, máa lọ jàre, mo wà ńbẹ̀." Á dá àwọn oníbàárà mi lóhùn títí màá fi dé.

Àfi bí ọ̀gá wa ṣe gbé ìgbàlódé dé. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ògiri, orúkọ gbogbo wa wà lójú rẹ̀, iná kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí máòsì rẹ bá ń rìn, iná rẹ á ní àwọ̀ ewé. Bó bá dúró pẹ́ díẹ̀, ó di pupa. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń pupa lemọ́lemọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin," ni ọ̀gá wí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wa á fi ọwọ́ kan ti máòsì síwá sẹ́yìn, wọ́n á fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, wọ́n á máa wo bọ́ọ̀lù. Iná wọn ò pupa rí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ló rọ́gbọ́n dá. Ó fi òwú so máòsì mi mọ́ ọrùn fáànù. Bí fáànù bá yí sọ́tùn-ún, máòsì á tẹ̀ lé e. Bó yí sósì, á tún bá a lọ. Ó ní, "Wò ó, kí wọ́n yáa máa sanwó oṣù fún fáànù yìí náà ṣá." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, bẹ́ẹ̀ mi ò jalè o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nílé ìtọ̀, mo ń fún ọmú lọ́wọ́, ni wọ́n mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n wà lórí bátìrì. Fáànù ò sí lórí bátìrì, ni máòsì mi bá dúró, iná mi pupa.

Ọ̀gá gbá ilẹ̀kùn. "Màdáámù, ṣé ẹ sùn síbẹ̀ ni?"

Mo jáde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ó wò ó, ó fi ọwọ́ bo imú. "Ẹ̀yin lẹ ń kó ìdọ̀tí yìí sínú fíríìjì tí a ń gbé omi mímu sí?" Ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò tí mo ti fún láàárọ̀, ó sì da oúnjẹ ọmọ mi sínú kòtò ìfọwọ́.

Ọkùnrin tó ń fi èékánná yọ ẹran léyín níwájú wa, tó ń nù ún sára kọ́tìnnì! Òun ló ń pe omi ọmú ní ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ta ni kí n dojú kọ? Mo di máòsì mú. Ọmú á wú, á dùn mí dé abíyá, á rin búláòsì mi gbingbin, màá fi ìborùn bò ó. Ọmú tí a kò bá fún, gbígbẹ ló ń gbẹ. Nígbà tó yá, bí mo bá délé, ọmọ á fà á títí, á fi sílẹ̀, á wò mí lójú, á figbe ta.

Nígbà tí oṣù tó tẹ̀ lé e parí, ọ̀gá kó gbogbo wa jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, iná mi ò pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni ò gbọ́wọ́ sókè. Ó ń wo àyà búláòsì mi, tó gbẹ táútáú.