Òkúta fún Ojú Oórì Tí N Kò Gbọdọ̀ Mọ̀

Ní ìlú tiwa, ní àgbègbè Ọ̀yẹ́, bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, ìyá kì í sì í mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ, inú ilé ni òbí yóò jókòó sí, àwọn ẹbí ni yóò sì gbé òkú náà lọ. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, òbí kò gbọdọ̀ béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, àwọn náà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo sì ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó tí wọ́n ń fi irú àṣà bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ilé mi, mo jókòó sínú yàrá pẹ̀lú ìyàwó mi, a ti ilẹ̀kùn, a sì ń fetí sí ẹsẹ̀ àwọn tí ó gbé ọmọ wa lọ títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Olùkọ́ ni ọmọ náà, ní ilé-ìwé kan ní Òkè-Àkò. Kò tíì wọ ilé ọkọ. Ibà ni wọ́n ní ó ṣe é, ibà tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré tí kò sì gbọ́ oògùn. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ni ó ṣáájú àwọn tí ó sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ wa. Àwọn yòókù ti kú tàbí kí wọ́n ti ṣí kúrò nílùú, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tó yá, òun nìkan ni ó kù tí ó lè na ọwọ́ sí ibẹ̀ pé ibí ni.

Nígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó dìde ní ibùsùn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó fi ń rìn, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n kéde ní ìjọ pé itẹ́ òkú ti kún, àti pé ibikíbi tí kò bá ní àmì ni wọn yóò máa gbẹ́ fún òkú tuntun. A dé ilé ní ọjọ́ ìsinmi náà, ìyàwó mi kò tú gèlè orí rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá wọn, bí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn lé e lórí ńkọ́?"

Mo lọ bá àbúrò mi. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ra òkúta, kí ó bá mi gbé e lọ síbẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, a kì í ṣe é ní ulé wa. Ọmọ ní í gbé òkúta lé bàbá lórí. Ta lẹ fẹ́ kó kà á?"

"Ẹni tí ó bá gbé ṣọ́bìrì dé ibẹ̀."

Ó fi ẹnu rẹ̀ tí ó wọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé tí mo kà kò ní pa mí. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ni yóò dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí wọn yóò fi rì í mọ́lẹ̀, èmi kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹni tí ń ṣe òkúta ojú oórì wà ní ẹ̀bá títì, bí a bá fẹ́ wọ Ìdó. Bí ó ti rí mi, tí ó rí ewú orí mi àti ọ̀pá mi, ó rò pé tèmi ni mo wá rà sílẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó kí mi kú ọgbọ́n. Ó ní kí n yan èyí tí ó dára fúnra mi, kí àwọn ọmọ má baà fi sìmẹ́ǹtì lásán tàn mí jẹ. Ó mú mi yíká àwọn òkúta funfun tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí tẹ́lẹ̀, tí orúkọ nìkan ni ó kù kí ó gbẹ́ sí wọn: Sùn re o, Bàbá wa. Ìyá rere, ó dìgbóṣe. Gbogbo wọn ni ọmọ ń bá òbí sọ̀rọ̀. N kò rí ẹyọ kan níbẹ̀ tí òbí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Mo yan èyí tí ó ní àwọ̀ eérú, nítorí funfun ni ti ẹni tí ó dàgbà kí ó tó kú. Ó mú pẹ́ńsù, ó béèrè ọdún ìbí. Mo sọ ọ́ fún un. Ó kọ ọ́ tán, ó wò ó, ó wò mí, ó sì fi pẹ́ńsù náà há etí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó lọ gbé àpótí wá fún mi láti jókòó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni ó wí. "Ta ni kí n kọ sí ìsàlẹ̀ pé ó ṣe é?"

Orúkọ ẹni tí ó wà láyé kì í wà ní ojú oórì ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ó kọ orúkọ ọmọ náà, kí ó kọ ọdún méjèèjì, kí ó kọ Olùkọ́, kí ó sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ń lọ sí Ìdó nínú takisí. Ọkùnrin náà ti parí iṣẹ́. Ó gbé òkúta náà ti ọgbà rẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí títì. Bí ọmọ mi ti máa ń dúró ní etí títì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó ń retí ọkọ̀ Òkè-Àkò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ rẹ̀ dúró. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún awakọ̀ pé kí ó dúró, èrò kan wà níbẹ̀. Obìnrin kan tí ó jókòó tì mí ka orúkọ náà sókè, bí ènìyàn ti í ka ohunkóhun tí ó bá rí lójú ọ̀nà, ó ní orúkọ náà dùn ún pè. Mo ní ó dùn lóòótọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ìdí tí mo fi gbọdọ̀ lọ sí Ìdó. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ tí n kò kí láti ọjọ́ pípẹ́; mo lọ ra oògùn tí mo lè rà ní Ọ̀yẹ́ níbí. Mo sọ fún àbúrò mi pé wọn kò tíì gbẹ́ òkúta náà tán. Ìyẹn nìkan ni ohun tí àṣà wa fi sílẹ̀ fún mi láti fi ojú rí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ní ìjọ, ilà àwọn sàréè tí wọ́n ń gbẹ́ fún òkú tuntun ń súnmọ́ apá àtijọ́ tí kò ní àmì, níbi tí koríko gùn sí.

Ìyàwó mi wò mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan bí mo ti ń wọ bàtà.

"Bàbá wọn, mo mọ ohun tí ẹ ń lọ wò. Èmi náà ti lọ wò ó." Ó fa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ jẹ́ kó lọ sílé ẹ̀. Ó ti dúró sójú títì tó."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà lọ, àwa méjèèjì tún jókòó sínú yàrá. Àbúrò mi padà dé nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, erùpẹ̀ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti itẹ́ òkú bọ̀ kì í wọlé láì fọ ẹsẹ̀. Ìyàwó mi gbé omi jáde nínú abọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá."

Àbúrò mi ní kí ó fi í sílẹ̀, òun yóò fọ̀ ọ́ fúnra òun. Ìyàwó mi ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí dé àárín ọmọ ìka. Àbúrò mi wo orí rẹ̀ tí ó tẹ̀ ba, ó wo èmi náà, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ.

"Ìyàwó, ibẹ̀ tutù. Igi ṣíji bò ó."

Ìyàwó mi dìde pẹ̀lú abọ́ náà. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí, kí ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá lè gbé e lọ. Ó dé ẹnu àbáwọlé, ó dúró. Ó gbé omi pupa náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sí títì, kò dà á nù, èmi àti àbúrò mi kò sì sọ fún un pé kí ó dà á.