Ìbídùn Ni Kó Ṣọ́lé

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́, ọ̀pá ni wọ́n ní kí n kà. Mẹ́tàdínlógún péré ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣi ohun tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú fáìlì tí mo gbá mọ́ àyà bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Obìnrin tó gbà mí síṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, wo fáìlì náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, gbé ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀pá kì í béèrè sàtífíkéètì."

Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ mi ti di Akọ̀wé.

Ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin ni, ní ìlú Ọ̀wọ̀. Kí ẹni tí kò mọ họ́kì lè bá mi lọ: orí pápá ni wọ́n ti ń gbá a, ènìyàn mọ́kànlá sí mọ́kànlá bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ ọ̀pá tó tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Tìtorí ọ̀pá yìí ni àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pe àwọn ọmọbìnrin wa ní ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá ti ń sáré kọjá lójú títì, ẹ ó gbọ́: "Ọlọ́pàá ń bọ̀ o! Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín jáde!" Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa kọ orúkọ àwọn tó máa rìnrìn àjò, kí n wá bọ́ọ̀sì, kí n sì tọ́jú yàrá ẹrù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, lábẹ́ igi fúrúùtù, bẹ́ǹṣì kan wà. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni àwọn alátìlẹ́yìn wa ti ń ṣèjọba. Àwọn méjì ló lẹ́nu jù. Bàbá Kátíkíìsì jẹ́ àgbà ìjọ Àgùdà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹnìkejì ni Fọganáísà, tí ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀ kọjú sí pápá. Mi ò rò pé mo lè ṣàlàyé bí àárò ẹnu àwọn méjèèjì ṣe ń sọ mí báyìí. Bí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì mi lónìí, tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, etí mi a máa wá wọn kiri.

"Ẹgbẹ́ yìí rọ̀ jù," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹ̀kọ gbígbóná lẹ dà sórí pápá. Ẹ wá àwọn ọlọ́kàn líle! Ẹni tó bá fi èjìká kan ọ̀tá, kí ọ̀tá rántí orúkọ ìyá rẹ̀."

"Bàbá, họ́kì ni. Kì í ṣe ìjàkadì."

"Ìwọ tó ń fọn atẹ́gùn sí táyà, kí lo mọ̀?"

"Ẹ̀rọ ló ń fọn tèmi, Bàbá. Ẹnu lẹ fi ń fọn tiyín."

Ọ̀rọ̀ kípà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Kípà méjì la ní. Fọlákẹ́ ga, ó fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún já ọjà. Ìbídùn, ọmọ Idasen, tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Ọrùn ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ló máa ń wò, kì í wo bọ́ọ̀lù rárá, á sì ti dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó dé ibẹ̀.

"Ẹni tó bá dúró lójú ilé gbọ́dọ̀ dẹ́rù bani," ni Bàbá wí. "Bí Fọlákẹ́ bá dúró, ta ló tún máa rí àwọ̀n?"

"Bọ́ọ̀lù rí i, Bàbá. Àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lọ."

Ìbídùn máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó máa ń tètè dé kí ó lè bá mi sá àwọn pádì sóòrùn, ìyẹn tìmùtìmù ńlá tí kípà máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀, a ó sì jọ jẹ bọ̀ọ̀lì. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ọdún yẹn bá parí tí họ́kì kò mú nǹkankan wá, kó gbàgbé ọ̀pá, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò òun. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé obìnrin tó ń ṣa àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ wá wo ìdíje wa ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́, Akọ̀wé," ni Ìbídùn sọ fún mi. "Kí ẹnìkan tí kò mọ̀ mí rí wò mí."

Mo ní á rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni pé ọwọ́ mi ló wà. Ọwọ́ mi náà ló sì wà lóòótọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìdíje náà, ẹnìkan já ilẹ̀kùn yàrá ẹrù wa. Garawa kan àti bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo ló jí lọ. Kóòṣì ní àfi ká wá ẹni tó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé títí wẹ́dà yóò fi tún un ṣe, kò sì tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣáájú wa lọ sí Àkúrẹ́ fún ìpàdé. Nírọ̀lẹ́, ó pè mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Akọ̀wé... Ìbídùn ni kó ṣọ́lé. Ṣé o gbọ́? Ìbídùn ni kó ṣọ́lé!"

"Mo gbọ́, mà."

Kípà ni gbogbo wa máa ń wí. Kóòṣì nìkan, tó fẹ́ràn àwọn tó ń ròyìn eré ìdárayá lórí rédíò, ló máa ń sọ pé aṣọ́lé. Mi ò ní purọ́: mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó já ló gba ọkàn mi, ohùn Bàbá Kátíkíìsì sì ti kún etí mi pé kí wọ́n fi Ìbídùn sílẹ̀. "Ilé wo, mà?" Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó dé ètè mi. Mo gbé e mì, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí Kóòṣì má lọ wí pé ọ̀mọ̀wé wo ló gbà síṣẹ́ yìí. Àìfẹ́ kí wọ́n rí mi bí aláìmọ̀kan ló ń dà mí láàmú láti kékeré. Ó sì ń dà mí láàmú títí di òní.

Mo bá Ìbídùn níbi tó ti ń nu akoto rẹ̀. Mo ní, "Kóòṣì ní ìwọ ni kó ṣọ́lé lọ́la."

Ojú rẹ̀ tàn. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dìde, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Mo wá ní, "Kọ́kọ́rọ́ rèé. Wẹ́dà á dé láago mẹ́wàá."

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Ẹ̀rín náà lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa fìtílà. Ó ní, "Ó dáa." Kò béèrè nǹkankan. Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó là mí lójú, àmọ́ mo rò pé inú rẹ̀ dùn pé a fọkàn tán an ni.

Láàárọ̀ Sátidé, a gbéra. Bàbá ń yọ̀ nínú bọ́ọ̀sì: "Kóòṣì ti gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu!" Fọganáísà kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo ojú ọ̀nà láti Emure-Ile títí a fi kọjá Uso. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ èékánná. Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, Kóòṣì yọjú wọ bọ́ọ̀sì.

"Aṣọ́lé mi dà?"

"Ó ń ṣọ́lé, mà," ni mo wí.

"Ilé wo?"

Ọ̀rọ̀ méjì tí mo gbé mì. Ẹnu òun ni wọ́n gbà jáde, kò sì sí èyí tó le fún un láti sọ nínú wọn. Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ní, "Akọ̀wé, wẹ́dà ló máa dúró síbẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́." Ó bá pe Ìbídùn. Ohun tí Ìbídùn sọ kò ju "Mò ń bọ̀" lọ.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Fọlákẹ́ ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló ń wò, kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Góòlù kan wọlé, èkejì tẹ̀lé e. "Ulé ti wó!" ni Bàbá kígbe, ní ohùn Ọ̀wọ̀ tó máa ń pe ilé ní ulé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin aṣàyàn náà jókòó létí pápá pẹ̀lú fìlà aró àti ìwé kékeré. Nígbà ìsinmi, ó wo aago, ó bọ Kóòṣì lọ́wọ́, ó sì wọkọ̀ lọ.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni ọ̀kadà kan wọlé. Ìbídùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, akoto lórí, pádì lẹ́sẹ̀ méjèèjì, nítorí kò rí àpò tó lè gbà wọ́n. Ọlọ́kadà ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò gbé èrò tó dé akoto rí. Ó ní ọlọ́pàá gidi dá àwọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí lèyí, Ìbídùn sì dá wọn lóhùn pé, "Ọlọ́pàá lèmi náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.

Ó wọlé. Kò sí bọ́ọ̀lù tó tún kọjá mọ́. Ọ̀kan bà á ní egungun ọrùn, ó dún débi tí a jókòó sí. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì tún ń wo ọrùn ọwọ́ àwọn ènìyàn. A gbá ọ̀kan wọlé. Méjì sí ọ̀kan ni wọ́n fi nà wá. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Bàbá Kátíkíìsì ti dìde dúró, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé èmi ni mo ṣì í. Ọmọ tó di pádì láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, ta ló tún fẹ́ sọ pé ó rọ̀?"

"Ojú ìwé wo ni kó kọ ọ́ sí, Bàbá?" ni Fọganáísà wí. "Àṣìṣe yín ti kún ìwé ọ̀hún."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó ti Ìbídùn, mo ní, "Ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú," ló wí. Ó tú okùn pádì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. "Àmọ́ èmi náà ò béèrè ilé wo."

Kóòṣì kọ̀wé sí aṣàyàn náà, kò rí èsì. Nígbà tí ọdún parí, Ìbídùn lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Kò pẹ́ tí àkókò iṣẹ́ tèmi náà fi pé. Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, fáìlì ni mò ń tò. "Ilé Wo" ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi tí mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ nìyẹn, ẹlòmíràn ló sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún mi.

Ní ìjẹta, Ìbídùn pè mí. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní họ́kì ní Idasen, ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ lóko ni wọ́n ń lò. Ó ní Bàbá Kátíkíìsì àti Fọganáísà ti wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti jà lẹ́ẹ̀mẹta. Sátidé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá a, kò sì sẹ́ni tó máa kọ orúkọ.

"Ọmọ kan wà," ló wí. "Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Òun ni kó ṣọ́lé."

"Ilé wo?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tí mo fi kọ́kọ́rọ́ pa lọ́jọ́ yẹn, ó sì pẹ́ kó tó tán.

Mo ti kọ orúkọ ọmọ náà sórí ìwé. Níwájú rẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: ojú ilé, lórí pápá, kì í ṣe yàrá ẹrù. Mo ti ká ìwé náà sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa wọ̀ lọ sí Idasen. Ọjọ́rú ṣì ni òní. Sátidé ọ̀hún ń pẹ́ kó tó dé.