Iṣẹ́ Tó Ń Dúró De Ọ̀gá Adéagbo

Nígbà tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni Adéagbo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀lú, ọmọ ọdún méjìlélógún. Wọ́n fi í sídìí fáìlì. Ọdún márùndínlógójì ló fi jókòó síbẹ̀, fáìlì kankan ò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀gá àgbà pàápàá a máa dúró kó jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán. Kí ìjọba má bàa sáré jù, irú wọn ṣe pàtàkì.

Ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Tayi Village nínú ìlú náà, ó sì gba Nàímátù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna, tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Oníbàárà gidi kan ṣoṣo ni wọ́n ní: iléèwé kan ní Sauka Kahuta, tí Nàímátù ń kọ ètò èsì ìdánwò fún. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti to ètò náà pọ̀.

Nínú irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, a ó sì kọ àwọn iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dúró dè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti parí, tí ohun tó ń dúró dè ò yí padà, kọ̀ǹpútà á fò ó. Ọgbọ́n tó dára ni, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Adéagbo. Ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Ìfọwọ́sí Ọ̀gá, tí kò ṣe ju kó kọ orúkọ Adéagbo gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí gbogbo iṣẹ́ yòókù máa dúró dè é. Ìfọwọ́sí náà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè rí, nítorí náà kọ̀ǹpútà kà á sí ohun tí kò parí rí. Bí ẹ bá yí àmì kan péré padà, gbogbo iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé, ọ̀gá iléèwé náà, pè.

“Máàkì ìṣirò ń jáde sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí ti jókòó. Bí aago méjìlá bá lù, ẹlòmíì ni mo máa gbé iṣẹ́ yìí fún.”

Nàímátù tún ìlà kan ṣe, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú. Nígbà tí iná fi dé, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n yọ ìfọwọ́sí yẹn. Wallahi, kò ní tó ìṣẹ́jú kan.”

“Ohun tí ò bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, ayédèrú ni.”

Fóònù tún dún. Adéagbo wò ó, kò gbé e. Ì bá wù ú ká pè é ní iyì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Bí iléèwé bá lọ, ṣọ́ọ̀bù á tì, àga ìyẹ̀wù á sì gbà á. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Ìfọwọ́sí Ọ̀gá rẹ́ níbi gbogbo tó wà.

Kọ̀ǹpútà fo gbogbo èyí tó ti parí; ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni ìyókù gbà. Èsì dé iléèwé kí aago méjìlá tó lù, Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé sì pè padà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Nàímátù.

Adéagbo yíjú sí i.

“Nàímátù, nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ yẹn, èwo ló ṣì ń dúró dè mí?”

Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ka ìwé àṣẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó fẹ́ bá a wá nǹkan kan.

“Babu, Bàbá,” ó ní. “Kò sí ọ̀kankan. Ẹ lè máa lọ sílé.”